Nígbà tí Àyẹ̀wò Kò Gbọ́ Ohùn Sáfà: Ọ̀rọ̀ Àsọyé lórí Ìṣọ́ Láti Òkèèrè àti Ààlà Ìkìlọ̀ fún Ọ̀wọ́ Sáfà

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń mójú tó sáfà, ẹ kú ìjókòó. Ọ̀nà méjì ni iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ lónìí pín sí. Èkíní ni bí a ṣe ń wá ìdí àṣìṣe nígbà tí àyẹ̀wò tí a ń ṣe láti òkèèrè bá ń mú èsì tí kò yé wa wá. Èkejì ni bí a ṣe ń fi ààlà sí ìkìlọ̀ nígbà tó bá jẹ́ pé sáfà púpọ̀ ló jọ ń ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ kan náà ni méjèèjì. Ẹni tí kò tíì mọ ohun tí àyẹ̀wò rẹ̀ máa ń sọ nígbà tí kò bá rí sáfà bá sọ̀rọ̀ kò lè fi ààlà tó nítumọ̀ sí ọ̀wọ́ sáfà, nítorí pé nínú iye tó ń kà, àwọn tó ti kú ní tòótọ́ yóò wà níbẹ̀, àwọn tí a kàn pè tí a kò gbóhùn wọn yóò sì dà pọ̀ mọ́ wọn.

Nagios ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ jù lọ, nítorí pé púpọ̀ nínú irinṣẹ́ ìṣọ́ tó wà lóde ló jogún àṣà rẹ̀. Ethan Galstad ló kọ ọ́. NetSaint ni wọ́n ń pè é nígbà tó jáde ní 1999, ó di Nagios ní 2002, ní 2009 sì ni Icinga yà kúrò lára rẹ̀. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni àdéhùn kékeré kan tó wà láàárín ètò ìṣọ́ àti plugin, ìyẹn ètò kékeré tó ń ṣe àyẹ̀wò gan-an: plugin yóò ṣe àyẹ̀wò rẹ̀, yóò tẹ ìlà ọ̀rọ̀ kan jáde, yóò sì fi nọ́ńbà kan parí iṣẹ́. 0 ni OK, 1 ni WARNING, 2 ni CRITICAL, 3 ni UNKNOWN. Nọ́ńbà yẹn ni ètò ìṣọ́ ń gbọ́. Àwa ènìyàn la kọ ìlà ọ̀rọ̀ náà fún. Ẹ lè rí plugin tí ẹnì kan fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, tó ń tẹ CRITICAL gàdàgbà jáde tó sì ń fi 0 parí, tí ojú ìwé ìṣọ́ yóò sì máa tàn ní àwọ̀ ewé bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, nígbàkígbà tí ẹ bá fọwọ́ pe plugin, ẹ máa tẹ `echo $?` tẹ̀ lé e, kí ẹ lè rí ohun tí ètò náà rí gan-an.

Nígbà tí àyẹ̀wò bá di ti òkèèrè, ìrìn iṣẹ́ náà máa ń gùn. Sáfà ìṣọ́ yóò pe `check_nrpe`. Èyí yóò gba inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ sí pọ́ọ̀tù 5666 lórí sáfà tí a ń ṣọ́, níbi tí NRPE, tó jẹ́ aṣojú wa níbẹ̀, ti ń dúró. Aṣojú yóò kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹni tó ń pè é wà lára àwọn tí wọ́n ní kó dá lóhùn. Yóò wo inú `nrpe.cfg`, fáìlì ìṣètò rẹ̀, bóyá ó mọ orúkọ àṣẹ tí wọ́n dá. Yóò wá pe plugin, yóò gba èsì lọ́wọ́ rẹ̀, yóò sì dá a padà sọ́nà tó ti wá. Kò sí ibi tí kò ti lè já nínú ìrìn yìí, ibi kọ̀ọ̀kan tó bá sì já ní gbólóhùn tirẹ̀ tó máa ń gbé sójú. Ohun tó ń dun ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé gbólóhùn náà kì í sábà dárúkọ ibi tó já.

Ìlànà tí mo fara mọ́ ni pé kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìdí, kí a máa bọ̀ wá sókè. Ẹ wọ inú sáfà tí ẹ ń ṣọ́, ẹ di aṣàmúlò tí NRPE fi ń ṣiṣẹ́, èyí tó sábà máa ń jẹ́ `nagios`, kí ẹ sì fi àdírẹ́sì kíkún pe plugin náà. Bí ó bá dáhùn dáadáa, ẹ wà nínú sáfà yẹn kan náà, kí ẹ fi `check_nrpe -H 127.0.0.1 -c check_disk` pe aṣojú. Bí ìyẹn náà bá dára, ẹ padà sórí sáfà ìṣọ́, ẹ pe `check_nrpe -H` pẹ̀lú àdírẹ́sì sáfà náà, ẹ má sì dárúkọ àṣẹ kankan. Bí ọ̀nà bá là, aṣojú yóò dárúkọ ara rẹ̀ àti ẹ̀dà tó jẹ́. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò ní pẹ́ rárá tí ẹ ó fi mọ abala tí ìṣòro wà, ẹ kò sì ní máa tú firewall, ètò tó ń dí ìpè lọ́nà, kiri nígbà tó jẹ́ pé plugin ni kò sí níbi tí wọ́n sọ pé ó wà.

Ẹ jẹ́ ká gbé gbólóhùn wọn yẹ̀ wò díẹ̀. Bí ẹ bá rí "Connection refused", ẹ fara balẹ̀, ìròyìn tó dára díẹ̀ nìyẹn. Ó sábà máa ń túmọ̀ sí pé ìpè yín dé ọ̀dọ̀ sáfà, sáfà wà láàyè, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń dúró lẹ́nu pọ́ọ̀tù náà: bóyá NRPE kò tíì bẹ̀rẹ̀, bóyá àdírẹ́sì mìíràn ló jókòó sí. Èyí tó ń kọ ni lóminú ni pé kí àkókò tán láìsí èsì kankan. Nígbà náà, ó lè jẹ́ firewall ló gbé ìpè náà mì láìsọ̀rọ̀, ó lè jẹ́ pé sáfà ti kú, ó sì lè jẹ́ pé plugin ló ń falẹ̀. Ohun mẹ́ta tí ìtọ́jú wọn kò jọra rárá ni wọ́n wọ aṣọ kan náà.

Èyí tó ń tan ènìyàn jẹ jù ni "Could not complete SSL handshake". Kíá ni ojú máa ń lọ sí ìwé ẹ̀rí àti ìfọ̀rọ̀pamọ́. Ṣùgbọ́n ibi tó yẹ kí ojú kọ́kọ́ lọ ni ìlà `allowed_hosts` nínú `nrpe.cfg`, nítorí pé bí aṣojú kò bá rí àdírẹ́sì ẹni tó ń pè é nínú ìlà yẹn, ńṣe ni yóò pa ìlà dé kí ìfọ̀rọ̀pamọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ohun tí ẹni tó pè yóò sì rí ni pé ìfọ̀rọ̀pamọ́ kò parí. Òótọ́ ọ̀rọ̀ wà nínú àkọsílẹ̀ sáfà tí a ń ṣọ́, níbi tí aṣojú ti kọ ọ́ pé ẹni báyìí "is not allowed to talk to us!" Ẹ wo àdírẹ́sì tó kọ síbẹ̀ dáadáa. Bí NAT, tó ń pààrọ̀ àdírẹ́sì ìpè, bá wà lójú ọ̀nà, àdírẹ́sì tí sáfà rí lè máà jẹ́ èyí tí ẹ mọ̀ pé ẹ fi pè é; bí ẹ̀rọ náà bá sì ń lo IPv6, `127.0.0.1` tí ẹ kọ kò ní ran `::1`, tó jẹ́ àdírẹ́sì ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ní IPv6, lọ́wọ́. Bí ó bá sì jẹ́ pé xinetd, ètò tó ń jí ètò mìíràn nígbà tí ìpè bá wọlé, ló ń gbé NRPE dìde, `allowed_hosts` kò já mọ́ nǹkan kan, `only_from` nínú fáìlì xinetd ló láṣẹ. Ẹ lè tún ìlà àkọ́kọ́ kọ títí di ọ̀la, kò ní yí ohunkóhun padà. Ìgbà tí gbogbo èyí bá mọ́ tán ni kí ẹ tó wá bi ara yín bóyá ẹ̀dà NRPE méjèèjì ti jìnnà sí ara wọn jù láti jọ sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀.

Ti "Command not defined" kò gùn: orúkọ kò bára mu, tàbí ẹ tún fáìlì kọ tí ẹ kò sì tún NRPE bẹ̀rẹ̀. "Unable to read output" ló nílò sùúrù. Ó túmọ̀ sí pé aṣojú pe nǹkan kan, nǹkan náà kò sì tẹ ọ̀rọ̀ kankan jáde. Ó lè jẹ́ pé plugin kò sí níbẹ̀, tàbí pé aṣàmúlò `nagios` kò ní àṣẹ láti pè é, tàbí pé inú plugin náà ni wọ́n ti ń pe `sudo`, tó ń yá ni ní agbára root, ọ̀gá aṣàmúlò, tí `sudo` sì ń béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà tí kò sẹ́ni tó lè tẹ̀ ẹ́ fún un, tó sì kọ iṣẹ́ náà. Nígbà tí ẹ dán an wò gẹ́gẹ́ bí root, ó ṣiṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi tẹnu mọ́ ọn pé kí ẹ di `nagios` kí ẹ tó dán ohunkóhun wò. Yorùbá ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Aṣojú yìí kò mọ òwe. Bí ẹ bá ti rán an náà ló ń lọ, tòun ti `PATH`, àkójọ ibi tí ẹ̀rọ ti ń wá àṣẹ, tó kúrú àti àyíká tí kò ní ohun tí ẹ ní nígbà tí ẹ fọwọ́ ara yín wọlé.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àkókò. `check_nrpe` máa ń dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 10 bí ẹ kò bá sọ fún un pé kó ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Aṣojú ní tirẹ̀, nínú fáìlì tó máa ń bá NRPE wá, ti gbà láti fún plugin ní ìṣẹ́jú àáyá 60. Ẹ rí i pé ẹni tó rán iṣẹ́ ti kúrò nídìí rẹ̀ tipẹ́ kí ẹni tó ń jẹ́ iṣẹ́ tó sọ̀rètí nù. Ẹ jẹ́ ká wo `check_disk` lórí sáfà kan tó so fáìlì NFS mọ́ ara rẹ̀ láti orí ẹ̀rọ mìíràn. Ẹ̀rọ mìíràn yẹn kú. `check_disk` fẹ́ mọ àyè tó kù lórí gbogbo fáìlì tí wọ́n so, ó dé orí NFS, ó sì dúró gbagidi síbẹ̀, nítorí pé kernel, ọkàn ètò ẹ̀rọ náà, ń retí ẹni tí kò ní dáhùn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 10, CRITICAL yọ lójú yín lórí dísìkì sáfà tí dísìkì rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Iṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn náà, àyẹ̀wò mìíràn tún wọlé, ó tún há síbẹ̀. Bí ẹ bá fi `-l` kún àṣẹ náà, kò ní wo ju dísìkì tó wà lára sáfà náà gan-an lọ, NFS yóò sì ní àyẹ̀wò tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ nínú àpẹẹrẹ yìí ni ipò tí `check_nrpe` fúnra rẹ̀ yàn: àkókò tán, ó sì pè é ní CRITICAL. Kò mọ ipò dísìkì náà. Bí ẹ bá fi `-u` sí i, yóò pe irú èyí ní UNKNOWN, tó jẹ́ òótọ́. Nínú àwọn ẹ̀dà tuntun, ẹ̀yìn nọ́ńbà `-t` ni a ti ń sọ ipò tí a fẹ́ kó mú wá. Ẹ ó rí bí ìyàtọ̀ kékeré yìí ṣe ń di ńlá tí a bá dé orí ọ̀wọ́.

Ṣáájú ìyẹn, ọ̀rọ̀ ṣókí nípa ibi tí ààlà ń gbé. Ẹ lè kọ ààlà sínú `nrpe.cfg` lórí sáfà kọ̀ọ̀kan, ẹ sì lè máa fi í ránṣẹ́ láti orí sáfà ìṣọ́, bí ẹ bá ṣí `dont_blame_nrpe`. Orúkọ tí wọ́n fún ìlà yẹn ti sọ èrò ẹni tó kọ ọ́: bí ohunkóhun bá ti ibẹ̀ wọlé, ẹ má wá ẹjọ́ rò fún NRPE. Èmi kì í ṣí i. Àmọ́ àìṣí i ní ìnira tirẹ̀, nítorí pé ààlà á wá fọ́n káàkiri: sáfà kan ní kí wọ́n kìlọ̀ nígbà tí àyè bá ku ìdá 20 nínú 100, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣì ń lo ìdá 10 tí ẹnì kan kọ tipẹ́. Irinṣẹ́ tó ń tan fáìlì kan náà sórí gbogbo ọ̀wọ́ pọn dandan. Ẹ sì rántí pé àyè tó ṣẹ́ kù ni `check_disk -w 20%` ń sọ, kì í ṣe èyí tí a ti lò. Ojú mi ti rí ẹni tó kọ 80 síbẹ̀, tí ìkìlọ̀ kò sì dákẹ́ lọ́sàn-án lóru.

Ó wá kan bí plugin ṣe ń ka ààlà, ibẹ̀ sì ni ọ̀wọ́ ti ń bàjẹ́ jù. Bí ẹ bá kọ `10`, ìkìlọ̀ yóò wáyé nígbà tí iye bá ju 10 lọ tàbí tó bá kéré ju 0 lọ. Bí ó bá jẹ́ 10 gẹ́lẹ́, kò sí ìkìlọ̀. Bí ẹ bá kọ `10:`, ìgbà tó bá kéré ju 10 lọ ni. `10:20` ń kìlọ̀ nígbà tí iye bá bọ́ síta àárín méjèèjì. Tí ẹ bá fi `@` síwájú, gbogbo rẹ̀ yóò yí padà, ìkìlọ̀ yóò wà fún ohun tó bá bọ́ sí àárín, tòun ti etí méjèèjì. `check_cluster`, tó ń ka ipò àwọn sáfà inú ọ̀wọ́, ń lo ìlànà yìí. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ WARNING nígbà tí ọ̀kan bá ṣubú, àti CRITICAL nígbà tí méjì bá ṣubú, `-w 0 -c 1` lẹ ó kọ. Ẹni tó bá kọ `-w 1 -c 2`, tó rò pé iye tó ṣubú lòun ń kọ, ti pẹ́ ní sáfà kan odindi. Bí èyí bá ń ni yín lára, ẹ kọ `-w @1: -c @2:`, kí ojú lè rí ohun tí ọkàn ń rò.

Ẹ jẹ́ ká mú sáfà ìkànnì mẹ́rin. `check_cluster` yóò gba ipò wọn, yóò sì kà gbogbo ohun tí kì í bá ṣe OK pọ̀ sójú kan. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: WARNING, CRITICAL àti UNKNOWN, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú rẹ̀. Bí méjì nínú mẹ́rin bá ní dísìkì tó ń kún díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n wà ní WARNING lásán, tí wọ́n sì ń dá gbogbo ẹni tó bá béèrè lóhùn, ọ̀wọ́ náà ti di CRITICAL, wọ́n sì ti jí ẹni tó ń ṣọ́ òru. Ohun tó yẹ kó wọ inú ìkà ọ̀wọ́ ni àyẹ̀wò tó ń béèrè bóyá sáfà náà ń ṣe iṣẹ́ tí ọ̀wọ́ wà fún, bí i kí ó dá ìbéèrè HTTP lóhùn. Dísìkì, ìrántí ẹ̀rọ àti ẹrù tó wà lórí rẹ̀ ní àyè tiwọn, níbi tí ènìyàn yóò ti rí wọn bí ilẹ̀ bá mọ́.

Nípa iye tó yẹ ní ààlà, mi ò gba ti ẹni tó ń fi ìdá ọgọ́rùn-ún bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè tó ṣáájú ni pé: ní àkókò tí èrò bá pọ̀ jù, sáfà mélòó ló lè gbé e? Bí ó bá jẹ́ mẹ́ta nínú mẹ́rin, ikú ọ̀kan kò pa ẹnikẹ́ni lára, ṣùgbọ́n kò sí àfikún mọ́, WARNING nìyẹn. Bí méjì bá lọ, àwọn tó kù yóò máa falẹ̀, àwọn náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùnà àyẹ̀wò, nítorí pé ẹrù àwọn tó kú ti wá sórí wọn. Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún wúlò nígbà tí ọ̀wọ́ bá tóbi, tí iye rẹ̀ sì ń yí padà. Fún mẹ́rin, ẹ ka orí.

Àkókò tún ń dọ́gbọ́n wọ inú rẹ̀. Nagios máa ń tún àyẹ̀wò ṣe títí dé iye tí `max_check_attempts` bá sọ kí ó tó gbà pé ìṣòro fìdí múlẹ̀, kí ó sì ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí `$SERVICESTATEID$` ń gbé fún `check_cluster` ni ipò tó wà lọ́wọ́, ì báà ti fìdí múlẹ̀ tàbí kò tíì fìdí múlẹ̀. Ìkùnà ẹ̀ẹ̀kan péré ti lè wọ inú ìkà. Ẹni tó mọ èyí yóò fún àyẹ̀wò ọ̀wọ́ náà ní ìgbìyànjú mẹ́ta tirẹ̀, ìyẹn sì dára. Àmọ́ tí wọ́n bá ń wo sáfà kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú 5 sí 5, tí wọ́n sì ń wo ọ̀wọ́ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ìgbìyànjú mẹ́ta náà á máa ka ẹ̀rí kan ṣoṣo tó ti di àná ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Kò sí ẹ̀rí tuntun níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àyẹ̀wò ọ̀wọ́ falẹ̀ ju ti àwọn ọmọ inú rẹ̀ lọ, tàbí kí ẹ mú tàwọn ọmọ yá kánkán.

Nígbà tí gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá sì ṣubú láàárín ìṣẹ́jú kan náà, ó ṣọ̀wọ́n kó jẹ́ pé sáfà ni. Ojú ọ̀nà ni kí ẹ wò. Nagios ní `parents` fún irú èyí: tí ẹ bá sọ fún un pé ẹ̀yìn router báyìí ni àwọn sáfà náà wà, tí router sì kú, yóò pè wọ́n ní UNREACHABLE dípò DOWN. Púpọ̀ ènìyàn kì í kọ ọ́ torí pé ó ń gba àkókò. Síbẹ̀ ìlà yẹn ló ń yọ ẹni tó ń ṣọ́ òru nínú kí ìkìlọ̀ ogójì máa wọlé fún wáyà kan ṣoṣo.

Àwọn tó ń lo Prometheus, irinṣẹ́ ìṣọ́ mìíràn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní SoundCloud ní 2012, má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn wọ́n. Níbẹ̀, ìwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní `up` á di 0 bí Prometheus kò bá rí ìwọ̀n kà láti ara sáfà kan, láìsọ bóyá sáfà ló kú tàbí ọ̀nà ló dí. Bí ẹ bá sì ń pín iye tó kú sí iye gbogbo wọn, ẹ ṣọ́ iye gbogbo wọn: sáfà tó ti bọ́ kúrò nínú àkójọ ìwárí, ìyẹn àkójọ àwọn sáfà tí Prometheus ń wá lọ, kò ní `up` kankan mọ́, kì í ṣe 0. Ọ̀wọ́ sáfà mẹ́rin ti di ọ̀wọ́ sáfà méjì, méjèèjì sì wà láàyè, ìdá 100 nínú 100. Ẹ fi iye tí ẹ ń retí wé iye tó wà. Ẹ má sì dà á pọ̀ mọ́ `group_by` ti Alertmanager, ètò tó ń fi ìkìlọ̀ Prometheus ránṣẹ́. Ìyẹn ń di ìkìlọ̀ tó ti jáde pọ̀ sínú ìwé kan, ó ń dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 30 kó tó fi ti àkọ́kọ́ ránṣẹ́ bí ẹ kò bá yí i padà, ṣùgbọ́n kò dá ọ̀wọ́ lẹ́jọ́.

Ẹ kò nílò láti pa sáfà kankan kí ẹ tó dán ààlà yín wò. `check_cluster` ń gba ipò láti ojú ìlà àṣẹ, nítorí náà ẹ tẹ `check_cluster -s -l web -w 0 -c 1 -d 0,0,2,0`, yóò dá yín lóhùn pé "CLUSTER WARNING: web: 3 ok, 0 warning, 0 unknown, 1 critical". Ẹ yí i sí `0,2,2,0`, CRITICAL ni. `1,1,0,0` náà, CRITICAL ni, bí mo ti wí. Bí ẹ bá padà sórí èsì ti ojúlówó ọ̀wọ́ yín, ẹ ro nọ́ńbà mẹ́rin inú ìlà náà pọ̀ kí ẹ rí i pé ó bá iye sáfà yín mu. Bí ó bá dín, ó ní èyí tí wọn kò kà. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ `3,3,3,3`. Yóò pè é ní CRITICAL, bí ẹni pé ìkànnì ti kú, nígbà tó jẹ́ pé ohun tó mọ̀ kò ju pé kò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni. Bí ẹ̀yin bá fẹ́ kí irú èyí lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń mójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì dípò ẹni tó ni ìkànnì, `check_cluster` kò lè yà á sọ́tọ̀ fún yín. Ẹ ní láti kọ plugin kékeré tó ń ka 2 lọ́tọ̀, tó ń ka 3 lọ́tọ̀, tó sì ń fi ààlà tirẹ̀ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò ní ju ogún ìlà lọ, kó ṣáà ti fi nọ́ńbà tó tọ́ parí.